Ṣòkòtò Tí Mo Rán fún Ẹṣin

Bí ẹ bá dé Odode ní Ìdànrè tí ẹ ń wá ilé mi, ẹ má wulẹ̀ dárúkọ mi. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ní ẹ ń wá Bàbá Ṣòkòtò Ẹṣin. Ọmọdé á nawọ́ sí ilé mi. Àgbàlagbà á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná kó tó nawọ́. Akíndélé ni bàbá mi sọ mí, ṣùgbọ́n orúkọ ìtìjú dà bí àlejò tó gba bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ onílé: ó ti sùn lọ, kò sì jí mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níwèé, tí ẹ ń rò ó bóyá kẹ́ ẹ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ tàbí kẹ́ ẹ dúró de iṣẹ́ ìjọba, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò sì ka ẹ̀kẹfà tán, ẹ fojú fo àṣìkọ. Mo sì máa ń bu iyọ̀ sọ́rọ̀. Ará ilé mi ní iyọ̀ mi pọ̀ ju ọbẹ̀ lọ. Ibi tí mo bá ti ń purọ́ ẹ ó mọ̀, torí inú mi á máa dùn níbẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ojú ń tì mí, òótọ́ ni.

Iṣẹ́ tí mo ṣe látìgbà ọ̀dọ́ mi ni ìtọ́jú akọ ẹṣin tí wọ́n ń sìn fún ọmọ bíbí. Ẹ jẹ́ n là á mọ́lẹ̀: èmi ni mo máa ń di ìjánu mú nígbà tí akọ bá fẹ́ gun abo. Iṣẹ́ gidi ni, iṣẹ́ ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣàlàyé níwájú àna. Nígbà tí mo lọ tọrọ Ìyá Bọ́sẹ̀, ìyàwó mi, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ àgbà ìjọ Aládùúrà bi mí pé, “Iṣẹ́ wo lò ń ṣe ní Ìlọrin?”

Mo ní, “Ẹ̀ka ìbísí ni mo wà, sà.”

“Ìbísí owó àbí ti kí ni?”

“Gbogbo ìbísí náà ni, sà.”

Àwọn bàbá tó jókòó tì í gbàdúrà gidigidi pé kí ìbísí náà má dáwọ́ dúró. Mo ṣe àmín, mo wolẹ̀ bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Ojú ti ń tì mí láti ọjọ́ yẹn. Ìtìjú iṣẹ́ yìí ló sì wá bí ohun tí mo fẹ́ sọ.

Bí mo ṣe dé Ìlọrin ò gùn. Oníṣòwò aṣọ kan ní Odode, Mùsùlùmí ni, ó ní ìbátan tó ń sin ẹṣin níbẹ̀. Bàbá mi rí i pé oko kòkó ò wù mí, ìwé ò sì gbà mí, ló bá ní kí wọ́n máa mú mi lọ. Owó oṣù? Oúnjẹ ni, aṣọ ọdún ni. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ọ̀gá mi ń jẹ́ Bàbá Sàláwù. Ó ga, ó gbẹ, kì í pariwo, ṣùgbọ́n ẹṣin tó bá ń ṣe wèrè, bó bá gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lásán, á dúró bí ọmọ ilé kéú tó gbúròó ẹgba. Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, ó wò mí látòkè délẹ̀.

“Ìwọ ará orí òkúta, ṣé o ti rí ẹṣin rí?”

“Mo ti rí i nínú ìwé, Bàbá.”

“Èyí tó wà nínú ìwé kì í tapá.”

Kí n tó pa ẹnu dé, akọ pupa kan ti ta mí nípàá. Mo fò kọjá ọgbà, mo pàdé àṣá lójú ọ̀run, mo kí i pé ẹ kú ojú afẹ́fẹ́, ó dá mi lóhùn, ká tó pínyà. Nígbà tí mo balẹ̀, Bàbá ò bi mí bóyá mo fara pa. Ó ní, “Ẹ̀yìn ẹṣin kọ́ ni wọ́n ń gbà kí i.”

Báyìí ló ṣe kọ́ mi. Ẹṣin gbọ́dọ̀ mu omi kí n tó mu. Bí mo bá gbàgbé láti tú gàárì, èmi ni yóò di gàárì náà lé lẹ́yìn, n ó sì yí ọgbà ká tí àwọn obìnrin tó ń pọn omi á máa bi mí pé, “Akọ dúdú yìí, èló ni?” Mo sunkún nígbà náà. Ní báyìí, bí mo bá rántí, n kì í mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí Bàbá Sàláwù kì í fi ṣeré. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ká tó fún ẹṣin lóúnjẹ, ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ lọ bá akọ kọ̀ọ̀kan, kó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan itan inú rẹ̀, kó tún fi kan ẹpọ̀n rẹ̀. Bí ẹpọ̀n bá tutù ju itan lọ, kú iṣẹ́. Bí méjèèjì bá gbóná bákan náà, kó sáré wá pè é, ì báà jẹ́ orí ìrun ló wà. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́ wa tán, á ní, “Nǹkan tí Ọlọ́run so síta, afẹ́fẹ́ ló so ó fún.”

Ti eré sísá náà lófin tirẹ̀. Kí ìrì tó gbẹ ni akọ máa sáré, eré ìnàra, kì í ṣe eré àsálà. Bó bá dé, ká rìn ín títí èémí rẹ̀ á fi rọlẹ̀, ká bu omi tútù sí i nítan. Ọjọ́ tó bá lágùn títí tí ìfófòó fi bò ó lọ́rùn, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ abo. Ọ̀sán gangan, abẹ́ igi ni kó wà. Mo bi Bàbá lẹ́ẹ̀kan pé kí nìdí. Ó ní, “Ṣé o bi kòkó bàbá ẹ léèrè ìdí tó fi ń wá ibòji?” Mi ò tún bèèrè mọ́. Mo mọ òfin náà lórí bí àdúrà, mi ò mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi ìka sí ibí yìí.

Nígbà tí mo gbọ́n tán, olóyè kan tó rí já jẹ nídìí kòkó ní Aládé gbọ́ pé ọmọ Ìdànrè kan wà tó mọ ẹṣin. Ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá òun sin tirẹ̀ nílé. Bàbá Sàláwù sọ fún mi pé igbó kì í gba ẹṣin, eṣinṣin ibẹ̀ á fi ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ọtí mu. Olóyè ro igbó yíká, dókítà ẹran ń wá gún wọn lábẹ́rẹ́, a sì bẹ̀rẹ̀. Abo mélòó kan ló rà, pẹ̀lú akọ kan tó ń jẹ́ Ìjì. Ha, Ìjì! Bó bá sín ní Aládé, wọ́n á ti Atosin lọ́hùn-ún kí i pé pẹ̀lẹ́. Ó sáré kọjá lára mi lọ́jọ́ kan, òjìji rẹ̀ ò dé títí a fi jẹun alẹ́ tán. Ó ń bímọ bí ẹni ń gbin àgbàdo. Olóyè ń fi mí yangàn, èmi náà ń gbé àyà sókè.

Ìgbà tí ìjọ ìyàwó mi kọ́ ilé àdúrà tuntun ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Iwájú pápá wa gan-an ni ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí. Sunday ìkórè, àwọn ìyá wọ funfun, wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n ń jó bọ̀ lọ́nà. Ìjì rí abo kan lódìkejì ọgbà. Ohun tí akọ ẹṣin máa ń yọ síta nírú ìgbà bẹ́ẹ̀, ó yọ ọ́. Orin dákẹ́. Wọ́n ní ìyá àgbà kan tó ń ríran lọ́wọ́, ìran náà dá sí méjì, apá kan ò padà wá di òní olónìí.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ò dúró gba oore-ọ̀fẹ́. Ó já wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀.

“Akin! O ti tú mi síhòòhò láàárín ìjọ!”

“Èmi kọ́, ẹṣin ni.”

“Ẹṣin ta ni?”

“Ẹṣin Olóyè.”

“Ọwọ́ ta ni okùn rẹ̀ wà?”

Ọ̀sẹ̀ yẹn, mi ò lè gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá. Bí àwọn obìnrin bá rí mi, wọ́n á fi ìborùn bojú. Gbogbo ìtìjú tí mo ti ń kó pa mọ́ látọjọ́ tí mo ti tọrọ ìyàwó ru jáde. Mo bá gba ọ̀dọ̀ télọ̀ lọ ní Odode.

Télọ̀ bi mí pé, “Ìdí oníbàárà yín tó báwo?”

Mo ní, “Gbé téèpù, ká lọ wọ̀n ọ́n.”

Ó wọ̀n ọ́n tẹ̀rùtẹ̀rù. Kíjìpá àtijọ́ tó nípọn ló fi rán an, ó fi rọ́bà tẹ́ inú rẹ̀ kí aṣọ má baà tètè rà, ó dá ojú ihò sí i fún ìtọ̀, ó sì fi okùn sí i tí a ó máa so lókè ẹ̀yìn. Ó ní, “Ṣé kí n fi àpò sí i?” Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Mo ní kó fi sí i. Ó fi sí i lóòótọ́.

Ìgbà tí Ìjì bá fẹ́ gun abo nìkan ni mo ń bọ́ ọ. Àna mi tún dá ìmọ̀ràn tirẹ̀: “Ẹran tí ò ṣiṣẹ́ lara rẹ̀ ń gbóná sí ìkà. Mú un sáré, kó rẹ̀ ẹ́.” Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Mo ń fi Ìjì sáré lọ́sàn-án gangan lórí títì ọ̀dà, láti Aládé dé ìdí òkè, pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀ nídìí. Ẹ̀yin ẹ mọ òkúta wa: a máa mu oòrùn bí ẹni mu omi, á tún pọ̀ ọ́ síni lára. Ìjì á padà dé pẹ̀lú ìfófòó lọ́rùn, orí rẹ̀ á ti wálẹ̀, àwọn ìyá ìjọ á sì pàtẹ́wọ́ pé, “Ẹ wò ó, ó ti gba ẹ̀kọ́!” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi padà. Ìyá Bọ́sẹ̀ ń bu ẹran méjì fún mi. Látọjọ́ tí ṣòkòtò náà ti wọlé, ẹ̀yìn ọwọ́ mi ò débẹ̀ mọ́. Aṣọ ti bò ó, mo sì dúpẹ́ pé aṣọ bò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn, abo kankan ò mú oyún mọ́. Ìjì á gùn wọ́n, wọ́n á tún padà wá akọ. Mo sọ fún Olóyè pé àwọn abo náà ló ti sanra jù. Ìyá Bọ́sẹ̀ gbọ́, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa ń sọ fún àwa èèyàn. Abo ṣáá ló máa ń jẹ̀bi.”

Àárín èyí ni Bàbá Sàláwù fi ọkọ̀ gbé Àṣàkẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Àṣàkẹ́ ni abo tó fẹ́ràn jù láyé, ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ ọwọ́ Bàbá ni wọ́n kú sí. Kò bí abo kankan tó yè, ó sì ti ń darúgbó. Ọmọ Bàbá tó mú un wá jíṣẹ́ fún mi: “Bàbá ní ọdún yìí ló kù fún un. Wọ́n ní kì í ṣe Ìjì ni wọ́n gbé e wá bá, ìwọ ni.”

Ìjì gùn ún, kò dúró. Ó tún gùn ún, kò dúró. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Olóyè bínú dìde. “Akúra ni ẹṣin yìí dà! Dókítà ń bọ̀ lọ́la. Kó tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, kó máa bá wa ru àpò kòkó.”

Dókítà tuntun ni, ó ti Àkúrẹ́ wá, ọmọbìnrin kan tí kò ju Bọ́sẹ̀ mi lọ, Yétúndé lorúkọ rẹ̀. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó rí Ìjì lábẹ́ igi máńgòrò, ó dúró.

“Bàbá, kí lẹṣin yìí wọ̀?”

“Ṣòkòtò ni, Dókítà.”

“Ó ń lọ sóde ni?”

Olóyè rẹ́rìn-ín, èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bọ́ ọ. Ó tẹ̀ bá, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan itan inú Ìjì, ó tún fi kan ẹpọ̀n rẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́! Bí ìgbà tí Bàbá Sàláwù dúró níbẹ̀. Ó gbé tẹmómítà jáde, ó wò ó, ó mi orí. Ó fi rọ́bà gba díẹ̀ nínú àtọ̀ rẹ̀, ó gbé awò kan kalẹ̀ lórí tábìlì Olóyè, irú èyí tí ń sọ eruku di òkúta.

“Ẹ wá wò ó, Bàbá.”

Mo fi ojú kan lé e. Wọ́n dà bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ nínú odò tó ń gbẹ. Òmíràn, ìrù rẹ̀ ti ká. Òmíràn ò ní ìrù rárá. Àwọn díẹ̀ tó ń rìn ń yí kiri lójú kan bí ẹni tó gbàgbé ọ̀nà ilé.

Dókítà ní, “Wọ́n ti jinná, Bàbá. Ẹ ti sè wọ́n.”

Mo ní, “Oòrùn ni.”

Ó ní, “Oòrùn ńkọ́, eré ọ̀sán ńkọ́, ẹ tún wá fi rọ́bà dé e bí ẹni ń se mọ́ínmọ́ín. Kí Ọlọ́run tó so wọ́n síta, ṣé kò ráyè fi wọ́n sínú ni?”

Olóyè bèèrè bóyá ọ̀bẹ ló kù. Dókítà ní rárá. Ó ní bí kòkó ni: òdòdó tí oòrùn pa lónìí, kì í ṣe òní lonílé máa mọ̀ pé èso ò sí. Àtọ̀ tó ń jáde lára akọ lónìí, ó ti lé ní oṣù méjì tó ti ń pọ́n bọ̀ nínú. Nítorí náà, bí wọ́n bá bọ́ aṣọ, tí wọ́n dá eré padà sí àárọ̀, tí wọ́n fi í síbòji, kí wọ́n ní sùúrù títí òjò á fi rọ̀ dáadáa. Olóyè wò mí títí. “Títí òjò,” ló wí, ó wọlé.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Bọ́sẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ọkùnrin. Ṣé kò sí ọparun ní Aládé ni?” Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, òun àti àwọn ìyá ìjọ ti fi ọparun mọ ọgbà gíga sáàárín pápá àti ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Bí mo bá rí ọgbà yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi kí n wọ inú ilẹ̀ lọ.

Òjò rọ̀. Dókítà padà wá, ó gbé awò kalẹ̀, ó pè mí. Mo wò ó: ó ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ bí ọjà Aládé lọ́jọ́ ọjà! Ìjì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀bẹ. Abo kìíní mú oyún, èkejì mú un. Dókítà ń fi ẹ̀rọ wo inú wọn, ó ń fi ọmọ hàn wá lójú gíláàsì. Nígbà tó kan Àṣàkẹ́, ó wò ó pẹ́. Ìjì ti gùn ún lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ó pa ẹ̀rọ náà.

“Ilé ọmọ rẹ̀ ti rẹ̀, Bàbá. Ó ṣeé ṣe kó ti mú un níbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ní báyìí, ẹ jẹ́ kó sinmi.”

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún, ṣòkòtò wà nídìí Ìjì.

Èmi ni mo mú Àṣàkẹ́ padà lọ sí Ìlọrin. Mo ká ṣòkòtò náà sábẹ́ abíyá. Bàbá Sàláwù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má ríran mọ́, orí ẹní ló wà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo gbé ṣòkòtò náà lé e lọ́wọ́. Ó fi ìka tẹ kíjìpá, ó fi ìka tẹ rọ́bà inú rẹ̀, ó rí àpò, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

“Sùbúhánálláhì. Kí lẹṣin fẹ́ kó sápò?”

Ó ní, “Ojú ń ti ẹṣin ni?”

“Rárá, Bàbá.”

“Ojú ta ló ń tì?”

“Tèmi ni, Bàbá.”

“Ìwọ ni wọn ì bá rán an fún nígbà yẹn.”

Kò gbé ohùn sókè. Ì bá di gàárì lé mi lẹ́yìn kí n yí ọgbà ká níṣojú àwọn obìnrin, ì bá tù mí lára. Ó ní kí ọmọ òun kan ìṣó sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹṣin, níta gbangba, kí ó fi ṣòkòtò náà kọ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n mú òun lọ bá Àṣàkẹ́. Ó gbé orí lé e lọ́rùn, wọ́n jọ dúró bẹ́ẹ̀, èmi sì dúró lẹ́yìn wọn. Àṣàkẹ́ ni ìgbẹ̀yìn ìdílé ẹṣin yẹn.

Iṣẹ́ náà ti yí padà kí n tó fi í sílẹ̀. Wọ́n ń fi fóònù ya bí ẹṣin ṣe ń rìn ránṣẹ́ sí dókítà. Wọ́n ní wọ́n ń fi yìnyín tọ́jú àtọ̀ akọ láti ilẹ̀ òkèèrè, kí akọ náà bímọ síbi tí kò dé rí, kó má tilẹ̀ mọ̀. Kì í ṣe iyọ̀ ni mo bù sí ìyẹn o. Ṣùgbọ́n Dókítà Yétúndé ṣì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án kó tó gbé ẹ̀rọ jáde. Bí iṣẹ́ kan bá wù yín, ẹ ṣe é, ẹ̀yin ọmọ. Bó bá sì jẹ́ irú èyí tí ẹ ò lè dárúkọ rẹ̀ níwájú àna, ẹ dárúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, kí ojú tì yín tán níbẹ̀.

Nígbà tí Bàbá Sàláwù kú, mo lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, a fẹ́ kun ilé ẹṣin lọ́dà. Ẹ mú nǹkan yín lọ. Ìyà náà tó.” Ó bọ́ ṣòkòtò náà lórí ìṣó, ó nà án sí mi.

Mo gbà á. Kòkòrò ti jẹ kíjìpá, rọ́bà ti sán. Ìṣó náà wà níwájú mi, àmì aṣọ wà lára ògiri níbi tí oòrùn ò dé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun dúró, wọ́n ń wo ohun tí n ó ṣe, ẹ̀yìn ọwọ́ wọn ṣì mọ́ bí ti ẹni tí ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo gbọn eruku rẹ̀ nù. Mo na ara, pẹ̀lú eegun tó ń dùn mí yìí, mo sì fọwọ́ ara mi gbé e padà kọ́ síta, níbi tí afẹ́fẹ́ á ti máa fẹ́ ẹ.